Òdìkejì "há", "fún", "kún" àti àwọn ẹgbẹ́ wọn: bẹ́ ẹ ṣe máa rí èyí tó bá ibẹ̀ mu

Wọ́n á fún ọmọ níṣẹ́ àṣetiléwá, "kọ òdìkejì àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí": há, fún, kún, dí, dì, péjọ. Ìyá tàbí bàbá á jókòó tì í, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "kò há, kò fún, kò kún", tó bá sì ti sú wọn wọ́n á kọ "fẹ̀" síwájú gbogbo èyí tó kù, ó parí. Àwọn tó ń kọ ọ̀rọ̀ sísàlẹ̀ fíìmù náà ń ṣe é, àwọn tó ń polówó aṣọ lórí WhatsApp náà ń ṣe é, ẹnì kan á kọ ọ́ pé bùbá tóun ń tà "kò fún", ẹni tó ń kà á ò ní mọ̀ bóyá ó máa gba òun dáadáa ni àbí òun máa dà bí ẹni wọ aṣọ bàbá ẹ̀.

Iṣẹ́ yìí ò le tó báyẹn o. Ẹ má kàn bẹ̀rẹ̀ látorí ọ̀rọ̀ yẹn fúnra ẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ látorí nǹkan tó há tàbí tó fún. Nǹkan yẹn ló máa bá yín mú òdìkejì wá.

Ohun tẹ́ ẹ máa nílò

- Odindi gbólóhùn kan tí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹ̀. Tí tíṣà bá kọ "há" lásán, ẹ̀yin fúnra yín ẹ ṣe gbólóhùn fún un kẹ́ ẹ tó ṣe ohunkóhun. Ọ̀rọ̀ tó dá dúró ò ní òdìkejì kan pàtó.
- Bírò àti ìwé, tàbí fóònù tó lè fi àmì ohùn sórí ọ̀rọ̀. Gboard, ìyẹn áàpù tá a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní kíbọ́ọ̀dù Yorùbá, ẹ lọ sí sẹ́tíǹsì ẹ fi kún un.
- Ìwé atúmọ̀ èdè tó ń fi àmì ohùn sí i, tí kò bá fi sí i ẹ gbé e tì.
- Ẹnì kan tó ń fi Yorùbá jẹun lójoojúmọ́: télọ̀, kọ̀ńdọ́, ìyá tó ń ta gàrí. Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹ máa parí iṣẹ́ sí.

1. Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ń bá jà

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣubú kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, torí pé wọn ò fi àmì sí i. "Dí" yàtọ̀ sí "dì". Mo dí ihò, ìyẹn ni pé ihò náà ò sí mọ́, òdìkejì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ lu ú tàbí kẹ́ ẹ ṣí i. Mo di ẹrù, okùn ló wọ̀ ọ́, òdìkejì ẹ̀ ni kẹ́ ẹ tú u. Ẹ sì tún wá wo ìjàǹbá tó wà níbẹ̀: "dì" máa ń sọ àmì ìsàlẹ̀ ẹ̀ nù tí ọ̀rọ̀ orúkọ bá tẹ̀ lé e, ìdí nìyẹn tá a fi ń kọ "di ẹrù" tá ò kì í kọ "dì ẹrù", torí náà ẹni tó bá rí "di" láìsí àmì kankan lórí ẹ̀ á rò pé ọ̀rọ̀ kẹta ni.

"Dì" tún wà fún omi tó dì nínú fíríìjì, ìyẹn ò ní "tú", "yọ́" ni tiẹ̀. "Ki" tó jẹ́ pé ẹ̀kọ ki, òdìkejì ẹ̀ ni kó ṣàn. Kò sí "fẹ̀" kankan níbẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra: àmì ò lè gbà yín lọ́wọ́ "fún" àti "há". "Fún" tá a fi ń fúnni lówó, "fún" tí aṣọ fi ń fúnni lára, "fún" tá a fi ń fún ọsàn, ohùn kan náà ni gbogbo wọn. "Há" náà bẹ́ẹ̀: ọ̀nà há, egungun há mi lọ́fun, mo há a sórí, wọ́n ń há ìrẹsì fáwọn èèyàn. Ẹ rí ti ìkẹyìn yẹn, ó ń pín nǹkan káàkiri ni, ó ti wà lódìkejì àwọn yòókù tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá òdìkejì tiẹ̀ "kó jọ" lẹ máa kọ.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ̀ pó ti yanjú: ẹ mú ọ̀rọ̀ orúkọ kúrò lẹ́yìn ẹ̀, kẹ́ ẹ fi "i" rọ́pò ẹ̀, kẹ́ ẹ pè é jáde lẹ́nu. "Mo di ẹrù" á di "mo dì í". "Mo dí ihò" á di "mo dí i". Ohùn tó sápamọ́ á jáde fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá pè é tẹ́ ẹ ò tíì mọ èyí tó jẹ́, ẹ má tẹ̀ síwájú.

2. Ṣé bó ṣe wà ni, àbí nǹkan tẹ́nì kan ṣe?

"Ṣòkòtò yìí fún mi", bó ṣe wà nìyẹn. "Ó fún aṣọ kó tó sá a", ẹnì kan ló ṣe ìyẹn. Fún èyí tó jẹ́ bó ṣe wà, ẹ ń wá bí nǹkan ṣe máa wà ní ìhà kejì. Fún èyí tẹ́nì kan ṣe, ẹ ń wá iṣẹ́ tó máa ba iṣẹ́ àkọ́kọ́ jẹ́.

Ẹ mú "fún" yẹn ká fi ṣeré. Ẹni tó fún aṣọ, omi ló ń lé jáde lára ẹ̀, nítorí náà òdìkejì ẹ̀ ni "rẹ", ẹ rẹ aṣọ sómi. Ẹni tó fún ẹlòmíì lọ́rùn, òdìkejì ẹ̀ ni kó jọ̀wọ́ ọrùn ẹ̀, tàbí kó dẹwọ́. Ẹni tó fún ọsàn ńkọ́? Kò sí. Omi ọsàn ò ní padà sínú èèpo. Ẹ má fagbára wá òdìkejì fún iṣẹ́ tí kò ṣeé dá padà, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé kò ní, tíṣà tó bá mọṣẹ́ ẹ̀ máa fún yín ní máàkì. Àwọn tó ń ṣe gàrí mọ èyí dáadáa, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ti tẹ̀ nínú àpò títí omi ẹ̀ fi tán máa ń dì gbagidi, wọn ò wá ọ̀nà láti dá omi padà síbẹ̀, ṣe ni wọ́n máa rún un, tí wọ́n á jọ̀ ọ́ kí wọ́n tó yan án. Nítorí náà tí gbólóhùn yín bá jẹ́ "gàrí náà dì", "rún" ló máa tẹ̀ lé e.

"Fẹ̀" ń jẹ́ méjèèjì, ó máa ń da èèyàn láàmú díẹ̀. Ọ̀nà fẹ̀, bó ṣe wà nìyẹn. Wọ́n ń fẹ ọ̀nà, katakátá wà níbẹ̀ tó ń wó ṣọ́ọ̀bù èèyàn.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọ̀rọ̀ méjèèjì sínú "tẹ́lẹ̀ … báyìí". "Ọ̀nà yìí há tẹ́lẹ̀, ó ti fẹ̀ báyìí." Ó lọ. "Ó fún ọmọ náà lọ́rùn tẹ́lẹ̀, ó ti jọ̀wọ́ ẹ̀ báyìí." Ó lọ. "Ṣòkòtò yìí fún mi tẹ́lẹ̀, ó ti ṣí báyìí." Àwọn tó wà níbẹ̀ á sá lọ wá aṣọ tí wọ́n máa fi bò yín.

3. Ẹ lọ bá nǹkan náà nílé ẹ̀

Ìgbésẹ̀ yìí ló gùn jù, ibẹ̀ ni iṣẹ́ gan-an wà, ẹ fara balẹ̀.

Aṣọ àti okùn. Télọ̀ ò kì í sọ pé aṣọ "kò fún". Ipò mẹ́ta ló mọ̀: ó fún ẹ, ó gbà ẹ́, ó tóbi fún ẹ. "Gbà" yẹn ló wà láàárín, òun ni ẹni tó ń ta bùbá lẹ́ẹ̀kan ń wá, "ó máa gbà yín dáadáa". Òdìkejì gidi wà lápá "tóbi" àti "fẹ̀", bíi apá agbádá tó jẹ́ pé ńṣe lèèyàn ń ká a lé èjìká torí bó ṣe fẹ̀. Fún okùn, bẹ́líìtì, tàbí ohunkóhun tá a lè fà, "dẹ̀" ni tiẹ̀. Ẹ lọ wo onígángan. Ọṣán wà lára ìlù yẹn látòkè dé ìsàlẹ̀, tó bá fi apá fún un mọ́ra ohùn ìlù á lọ sókè, tó bá dẹ̀ ẹ́ ohùn á wálẹ̀, gbogbo ọ̀rọ̀ tí ìlù ń sọ wà láàárín "fún" àti "dẹ̀" yìí. Mi ò rò pé ibì kankan wà tí ọ̀rọ̀ méjì yìí ti bára wọn ṣe tó bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ń kọ́ ọmọdé ẹ fi gángan kọ́ ọ, kò ní gbàgbé.

Ohun tá a dì, tá a wé, tá a ká. Ẹrù tá a dì, à ń tú u. Gèlè tá a wé, à ń tú u. Irun tá a dì, à ń tú u. Bó ṣe ń rọrùn báyìí lèèyàn á wá sọ pé òun fẹ́ "tú ẹní", rárá o. Ẹní tá a ká, títẹ́ la máa ń tẹ́ ẹ. Aṣọ tó rún, kẹ́ ẹ lọ̀ ọ́. Èyí tó súnkì lẹ́yìn tẹ́ ẹ fọ̀ ọ́, kó nà tàbí kó fẹ̀, tó bá ṣeé ṣe, torí àwọn ańkárá mìíràn wà tó jẹ́ pé wọn ò ní nà mọ́ láé.

Ohun tó há síbì kan. Òrùka há mọ́ ìka, ó máa bọ́. Egungun há sọ́fun, ó máa yọ. Ọkọ̀ há sínú ẹrẹ̀, ó máa jáde. Ẹ rí i pé "fẹ̀" ò sí níbì kankan níbẹ̀, torí pé ohun tó wà nínú ihò náà là ń sọ, a ò sọ ihò. Ti ara èèyàn kò gùn: imú tó dí á là, etí tó dí á ṣí.

Há a sórí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń múra WAEC, wọ́n á fi òru kan rọ́ odindi ìwé sórí. Wọ́n sábà máa ń kọ "gbàgbé" sí òdìkejì ẹ̀. Gbígbàgbé ló máa ń gbẹ̀yìn ẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ òdìkejì ẹ̀ ni kí ìwé náà yé e.

Àpótí, báàgì, odò. Ìkòkò kún, ìkòkò ṣófo, kò sí wàhálà níbẹ̀. Odò ńkọ́? Odò tó kún, tí ò bá kún mọ́, ó fà ni, ṣófo kọ́, tó bá wá di ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí kò sí omi rárá la tó sọ pé ó gbẹ. Báàgì tẹ́ ẹ rọ́ aṣọ sí títí síìpù ò fi pa dé, ẹ wo ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ: tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó rọrùn láti gbé, ẹ yọ díẹ̀ kúrò, tẹ́ ẹ bá ti délé, ẹ tú u. Ẹni tó ki ọwọ́ bọ àpò, yíyọ ló máa yọ ọ́.

Ọ̀nà. Ọ̀nà tó há nítorí pé ó kéré, ó máa fẹ̀. Ọ̀nà tó dí nítorí igi tó wó, ó máa ṣí tàbí ó máa là. Àmọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, irú èyí tó máa ń wà lórí Third Mainland láàárọ̀ Mọ́ńdè, ọ̀nà yẹn ò há, ó fẹ̀ dáadáa, ọkọ̀ ló pọ̀. Nítorí náà ẹ fi ọkọ̀ dáhùn: ọkọ̀ ń lọ geere.

Ẹ ṣọ́ra gan-an níbí: ẹ má kọ "ọ̀nà dá" sí i tí ohun tẹ́ ẹ fẹ́ sọ bá jẹ́ pé kò sí gósílóò. Ọ̀nà tó dá, kò séèyàn, kò sọ́kọ̀, ẹ̀rù ń bani, ibẹ̀ gan-an làwọn adigunjalè fẹ́ràn.

Èèyàn. Níbí ni ọ̀rọ̀ pọ̀ sí. Àwọn tó péjọ, wọ́n máa túká. Àwọn tó rọ́ wọlé, ọ̀pọ̀ á kọ "rọ́ jáde", àmọ́ ẹni tó rọ́ jáde ṣì ń ti ara wọn náà ni, ẹnu ọ̀nà nìkan ló yàtọ̀. Òdìkejì rírọ́ wọlé ni kí wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tò lẹ́sẹẹsẹ. Àwọn tó fún mọ́ra wọn, kí wọ́n jìnnà síra, ẹ rántí lọ́dún 2020 nígbà tí kòrónà dé, bí wọ́n ṣe ń pariwo ẹ̀ lórí rédíò pé ká ta kété síra wa.

Àmọ́ ẹ wọ danfo lónìí, tí kọ̀ńdọ́ ti to èèyàn mẹ́rin-mẹ́rin sórí ìjókòó kan, tó tún ń sọ pé "ẹ sún mọ́ra yín, ẹnì kan péré ló kù". Kí lẹ máa sọ? Ẹ ò ní sọ pé "ẹ jẹ́ ká ta kété síra", wọ́n á wò yín bíi wèrè. Ẹ máa sọ pé "ẹ fún mi láyè". Ọkọ̀ tó bá dáa ni èyí tí "àyè gbà mí" nínú ẹ̀. Ibi táwọn èèyàn bá ti há mọ́ra wọn, orí "àyè" ni òdìkejì máa ń dá lé: àyè wà, àyè gbà, ẹ fún un láyè, ẹ fàyè sílẹ̀. Àwọn àgbà kúkú ti sọ ọ́ pé ojú ọ̀run tó ẹyẹ fò láì fara kanra.

Àyẹ̀wò: ẹ yí nǹkan tó wà nínú gbólóhùn yín padà, kẹ́ ẹ fi òmíràn síbẹ̀. Tó bá jẹ́ aṣọ, ẹ fi ọ̀nà síbẹ̀, tó bá jẹ́ ọ̀nà, ẹ fi èrò síbẹ̀. Tí òdìkejì tẹ́ ẹ mú bá ń bá gbogbo wọn lọ láìyí padà, ẹ ti mú ọ̀rọ̀ tó gbòòrò jù nìyẹn, ẹ padà lọ wá èyí tó jẹ́ ti nǹkan yín nìkan.

4. Ẹ gbé "kò" sórí òṣùwọ̀n

Àwọn kan ò ní gbà, wọ́n á ní "kò há" náà ń ṣiṣẹ́. Ẹ dán an wò báyìí: "Yàrá náà ò há, kò sì fẹ̀." Ṣé ó ní ìtumọ̀? Ó ní, ó wà láàárín. Tó bá ti lè wà láàárín, a jẹ́ pé "kò há" ò tíì dé ìhà kejì, ojú ọ̀nà ló wà. Ṣòkòtò náà bẹ́ẹ̀, odò náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá gbé "ẹrù tá a dì náà ò wà ní dídì mọ́, a ò sì tíì tú u" yẹ̀ wò, ẹ ó rí i pé ó ń ta kora. Irú èyí ni "kò" lè gbà yín níbẹ̀ tí ìdánwò bá ti fẹ́ tán. Ẹ má sì fi "àì" ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ o, "àìhá", "àìfún", mi ò tíì gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó jẹ́ pé Yorùbá ló fi ń bá ìyá ẹ̀ sọ̀rọ̀.

5. Ṣé ire ni àbí ibi?

Èyí làwọn tó ń kọ káàdì àti àdúrà fi máa ń dáràn. Kíkún ò burú nílé Yorùbá, kódà òun la fi ń súre, kí ilé kún fọ́mọ, kí ọjà kún fún èrò. Wọ́n ní ọjà Òyìngbò ò mọ̀ pé ẹnì kan ò wá, torí bó ṣe máa ń kún tó. Tẹ́ ẹ bá wá kọ òdìkejì ẹ̀ gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú ìwé, ẹ ó bá ara yín níbi "ilé ṣófo", "ilé dá páro", "ọjà tú". Gbogbo wọn tọ̀nà, gbogbo wọn sì burú. "Túká" náà, tó bá jẹ́ ìpàdé kò séwu, tó bá jẹ́ tọkọtaya ẹ ti kọ wọ́n sílẹ̀ nìyẹn.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ sọ pé ilé kan tura, kò sí wàhálà èèyàn nínú ẹ̀, "àyè gbà wá níbẹ̀" ni kẹ́ ẹ lò. Ó sì lè yí sódì: yàrá kótópó tó gba ogún ọ̀rẹ́ tó fẹ́ràn ara wọn, híhá yẹn ti di ohun rere, òdìkejì ẹ̀ á wá jẹ́ ilé ńlá tẹ́nì kankan ò yà sí.

Àyẹ̀wò: ẹ fi "Olúwa jẹ́ kí…" ṣáájú gbólóhùn tuntun yín. Tí ẹnu yín bá lọ́ra láti ṣe àmín, ire ti di ibi lọ́wọ́ yín. Tó bá jẹ́ ibi lẹ fẹ́ kọ lóòótọ́, kò burú, ẹ fi sílẹ̀.

6. Ọ̀rọ̀ tó ń tẹ̀ lé e náà gbọ́dọ̀ yí

Kékeré lèyí, àmọ́ ó máa ń tú èèyàn fó. Ó há gádígádí. Ó kún fọ́fọ́. Ó tì pinpin. Tẹ́ ẹ bá yí "tì" sí "ṣí" tẹ́ ẹ fi "pinpin" sílẹ̀, ẹ ti bà á jẹ́, ilẹ̀kùn ò kì í ṣí pinpin, ó máa ń ṣí sílẹ̀ gbayawu ni. Àyè máa ń gbà gbàgẹ̀dẹ̀. Ilé máa ń dá páro. Tẹ́ ò bá rántí èyí tó bá a lọ, ẹ yọ èyí àtijọ́ kúrò kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan síbẹ̀, gbólóhùn tó ṣe ṣókí sàn ju èyí tó ń tiro lọ.

7. Ẹ gbé e lọ bá ẹni tí mo ní kẹ́ ẹ wá sílẹ̀

Ẹ má bi í pé "kí ni òdìkejì fún?". Á ronú, á wo òkè, á wá fún yín ní "kò fún". Ẹ ka gbólóhùn àkọ́kọ́ fún un, kẹ́ ẹ sọ pé nǹkan ti yàtọ̀ báyìí, kẹ́ ẹ wá dákẹ́ kó parí ẹ̀ fúnra ẹ̀. "Màámi, bùbá yìí fún mi lọ́dún tó kọjá, mo wá fọn báyìí, bùbá náà…" Ohun tó bá jáde lẹ́nu ẹ̀ láìronú, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi wé tiyín. Tó bá bá tiyín mu, ẹ fà á fún tíṣà. Tí kò bá bá a mu, ẹ bi í níbo ló ti máa lo tiyín, tó bá rí ibì kan sọ, gbólóhùn yín lẹ máa tún ṣe, ọ̀rọ̀ yẹn dáa. Tó bá fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹta.